Kọ̀ǹpútà tó ń ka bíìtì lójú agbo: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó náwó lé e lórí

Bí iná òde àríyá bá ń tàn tó ń kú, tí kò sì bá ìlù mu, kì í ṣe oníná nìkan lojú máa ń tì. Ẹni tó gbé iṣẹ́ fún un náà á ti máa rò ó lọ́kàn pé owó òun ti wọgbó. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wa ló sì ti dúró lórí bíìtì báyìí: iṣẹ́ àwọn tó ń yáni ní iná aláràbarà, iṣẹ́ díjéè, iṣẹ́ olórin tó ní báǹdì, títí kan àwọn tó ń gbé àwòrán sára ògiri gbọ̀ngàn ìgbéyàwó. Tẹ́lẹ̀, èèyàn ló máa ń jókòó ti bọ́tìnnì, tí á máa tẹ̀ ẹ́ bí ìlù bá ṣe ń lọ. Ní báyìí, sọ́fítíwià wà tó ń fetí sí orin bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ lọ́wọ́, tó sì ń sọ fún iná tàbí ẹ̀rọ mìíràn ìgbà tí bíìtì bọ́ sí. Òun la fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, nítorí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí ibi tí wọ́n ti máa ń pọn èèyàn lójú nìyẹn. Mixxx, sọ́fítíwià ọ̀fẹ́ tí ọ̀pọ̀ díjéè ń lò, máa ń ka orin tó wà nínú kọ̀ǹpútà kó tó di pé wọ́n gbé e sí i. Gbogbo orin náà ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó lè wo ìbẹ̀rẹ̀, ó lè wo ìparí, kó sì ṣírò rẹ̀ lẹ́sọ̀lẹsọ̀. Èyí tó ń gbọ́ orin lójú agbo kò ní àǹfààní yẹn. Bó bá dúró kó tó gbọ́ bíìtì kó tó tan iná, bíìtì ti kọjá lọ nìyẹn. Àfi kó máa fojú díwọ̀n, kó fi èyí tó ti kọjá mọ ìgbà tí èyí tó ń bọ̀ máa dé. Iṣẹ́ àfojúdíwọ̀n ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn bí ẹni tó ń tà á bá ń sọ fún yín pé kì í ṣì í.

Bó ṣe ń ṣe é kò le púpọ̀. Máìkì ń sọ ohùn di nọ́ńbà, bíi 44,100 nọ́ńbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Sọ́fítíwià á gé e sí wẹ́wẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń mú 1,024 nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á sún síwájú pẹ̀lú 512, wọ́n á tún mú òmíràn. Nínú ègé kọ̀ọ̀kan, á wò ó bóyá ohùn ṣàdédé lágbára ju ti ègé tó ṣáájú lọ, torí bí ọ̀pá ìlù ṣe máa ń hàn nìyẹn. Lẹ́yìn náà ni á wo àlàfo tó ń dé léraléra. Bó bá jẹ́ ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni àlàfo yẹn, 120 bíìtì ni láàárín ìṣẹ́jú kan.

Kì í ṣe iṣẹ́ àná. Masataka Goto àti Yoichi Muraoka ní Yunifásítì Waseda, nílẹ̀ Japan, ti gbé irú rẹ̀ jáde ní 1994. Nígbà yẹn, kọ̀ǹpútà ńlá kan, Fujitsu AP1000, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ so kọ́ra nínú ẹ̀, ni wọ́n fi ń ṣe é. Láptọ́ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ yín ń ṣe é lónìí láì làágùn. Ní Queen Mary, yunifásítì kan ní London, ibẹ̀ ni Paul Brossier ti ṣe aubio, ibẹ̀ náà ni BTrack ti Adam Stark àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti jáde ní 2009. Èyí tó wù mí jù nínú tiwọn ni B-Keeper, tí Andrew Robertson àti Mark Plumbley gbé jáde ní 2007. Kì í fetí sí gbogbo ariwo báǹdì. Máìkì tó wà lẹ́nu ìlù nìkan ló ń gbọ́, tó sì ń fi í darí ìyára Ableton Live, kí orin tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ṣáájú lè máa tẹ̀ lé onílù, dípò kí onílù máa fi ẹ̀rọ sétí kó máa sá tẹ̀ lé kọ̀ǹpútà. Ní 2021, Ableton fúnra wọn fi irú ẹ̀ sínú Live 11. Lójú tèmi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní báǹdì tí kò pé, tẹ́ ẹ wá ń fi kọ̀ǹpútà gbe ohùn kíbọ́ọ̀dù àti ègbè, ẹ̀yin lẹ máa jèrè rẹ̀ jù.

Àmọ́ orin tiwa ńkọ́? Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà o. Iṣẹ́ Goto ìgbà yẹn gbà pé orin tó ń ka mẹ́rin-mẹ́rin ni, pé ìlù ńlá á máa dún sí ìkíní àti ìkẹta. Títí di òní, orin Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú orin tí wọ́n fi ń dán irú sọ́fítíwià bẹ́ẹ̀ wò. Ẹ wá gbé e wá síwájú dùndún. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń lọ ni ọ̀pá rẹ̀ ń balẹ̀. Gúdúgúdú ló dúró sójú kan tó ń mú ìlù ró. Ọmọ ọdún méje tó dàgbà láàárín àwọn àyàn mọ ìyàtọ̀, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n. Ìyáàlù ló ń pariwo jù, òun ló máa tẹ̀ lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ìlù wa kan tó ní ìró méjìlá nínú àyípo kan: èèyàn lè pín in sí mẹ́ta-mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin, èèyàn sì lè pín in sí méjì-méjì lọ́nà mẹ́fà. Bí oníjó bá ń gbẹ́sẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, tí iná yín ń tàn lẹ́ẹ̀mẹfà, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀, ì báà má lè sọ ohun tó ń ṣe é.

Àṣìṣe kan tún wà tó wọ́pọ̀ ju gbogbo ìyẹn lọ: kó kà á ní ìlọ́po méjì tàbí ní ìdajì. Ọ̀pọ̀ sọ́fítíwià yìí ni wọ́n ti ṣe kó fẹ́ràn nǹkan bíi 120. Orin tó rọra ń lọ ní 60, á pè é ní 120. Àwọn onímọ̀ tó ń dán an wò mọ̀ bẹ́ẹ̀, kódà nínú àwọn ìdíwọ̀n kan tí wọ́n ń lò, wọ́n máa ń ka ìlọ́po méjì àti ìdajì mọ́ èyí tó gbà. Nítorí náà, bí olùtajà bá dá a lé yín lójú pé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń gbà, ẹ bi í pé ṣé ìdajì àti ìlọ́po wà nínú mẹ́sàn-án yẹn.

Ohun tó ń gbani là kò wọ́n. Ẹ má fi máìkì gbọ́ ohùn tó ti dàrú láàárín gbọ̀ngàn. Ẹ gbé e sẹ́nu gúdúgúdú, tàbí agogo, tàbí ìlù ẹlẹ́sẹ̀. Ohùn kì í fò bí iná: bí máìkì bá jìnnà sí ìlù ní mítà mẹ́wàá, ohùn á fi nǹkan bí ìdá 29 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá pẹ́ kó tó dé ibẹ̀. Ẹ má sì fi Bluetooth gbé ohùn náà rárá, òun ló ń pẹ́ jù.

Ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ló kù, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà. Lábẹ́ ìwé àṣẹ GPL ni aubio àti BTrack wà. Ẹ lè fi wọ́n ṣiṣẹ́ lóde àríyá, kẹ́ ẹ gbowó yín, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ní kí ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà bá yín fi wọ́n kọ́ sọ́fítíwià tẹ́ ẹ fẹ́ máa tà, ẹ gbọ́dọ̀ fún ẹni tó bá rà á ní kóòdù rẹ̀ lábẹ́ ìwé àṣẹ kan náà. Ti madmom, tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Austria, tún yàtọ̀: kóòdù rẹ̀ ò ní wàhálà, àmọ́ ìmọ̀ tí wọ́n ti fi kọ́ ọ, èyí tí kò lè ṣiṣẹ́ dáadáa láìsí i, àwọn tó ni í kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣòwò. Essentia, ti yunifásítì Pompeu Fabra ní Barcelona, ń ta ìwé àṣẹ òwò lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ tẹ́ ẹ gbéṣẹ́ fún pé èwo ló lò, kó kọ ọ́ sínú ìwé fún yín.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé orin òde tẹ́ ẹ ti ṣe rí wá, ó kéré tán ìdajì wákàtí, kì í ṣe orin tí olùtajà gbé wá. Ẹ ṣàtẹ́wọ́ bí orin bá ṣe ń lọ, kẹ́ ẹ máa wò ó bóyá ó ń bá yín mu. Níbi tí olórin bá ti dánu dúró láti kì ẹnìkan ní oríkì, tí ìlù dákẹ́, tó tún padà wọlé, ẹ wo aago: ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ló tó rí ọ̀nà rẹ̀ padà? Ẹ tún yọ iná kúrò, kẹ́ ẹ wò ó. Láptọ́ọ̀pù ní bátìrì, àmọ́ àpótí tí máìkì ń gbà wọlé lè má ní.

Bẹ́ ẹ bá sì ti rà á, ẹ má kọ ọ́ sínú àdéhùn pé iná á bá ìlù mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ fi ọmọ iṣẹ́ kan sídìí bọ́tìnnì, kó lè gbà á lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà nígbà tó bá ṣìnà. Kẹ́ ẹ sì fi owó ọjọ́ ìdánrawò kún iye tẹ́ ẹ máa gbà, nítorí àwọn onílù gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, wọn ò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé máìkì sẹ́nu gúdúgúdú láì fún wọn ní nǹkan.