Kí A Tó Pe Dẹ́rẹ́bà Ní Olè: Ohun Tó Ń Jẹ Epo Mọ́tò Wa

Ọ̀rọ̀ epo la fẹ́ sọ lónìí. Kì í ṣe epo pupa tí àwọn ìyá wa ń tà lẹ́nu ọ̀nà kejì o, epo bẹntiróòlù inú mọ́tò tó ń kó ẹrù wa ni.

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí epo nílẹ̀ yìí. Kí ó tó di ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ní àwọn ò san owó ìrànwọ́ orí epo mọ́, lítà kan kò tíì tó ₦200 ní iléepo NNPC l'Ékòó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti di ₦488. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti tó nǹkan bí ₦1,000. Nígbà tí epo ṣì wà ní owó pọ́ọ́kú, ta ló ń ka lítà? Àmọ́ ní báyìí, bí lítà mẹ́wàá bá ṣòfò lójú ọ̀nà, èrè ẹrù ẹlòmíì ti bá a lọ nìyẹn.

Ohun tó mú wa gbé kálàmù ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́ wa tó ń ná ọjà Òkè-Ògùn. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń lọ lọ́sẹ̀. Lítà 50 ló máa ń jẹ ní àlọ àti àbọ̀. Nígbà tó yá ó di 54, ó di 58, nígbà tó tún yá ó di 62. Àwa tí a wà nídìí ìwé ẹgbẹ́ kọ́kọ́ rò pé a ṣì í kọ ni. Ìgbà tí a rí i pé a ò ṣì í kọ, ni ojú gbogbo ilé bá yí sí dẹ́rẹ́bà. Ẹnì kan ní ó ń fa epo tà. Ẹnì kejì ní òun rí kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́ rẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì omi rédíétọ̀ ni o, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ gbọ́? Ó ku díẹ̀ kí a gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin tó ti ń gbé wa láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ìyálọ́jà ló ní kí á fara balẹ̀. Ó ní kí àwa méjì nínú ìgbìmọ̀ máa bá mọ́tò lọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí á fi ojú ara wa rí i. A lọ. Ohun tí a rí la fẹ́ kọ fún yín, torí púpọ̀ nínú yín ló ní mọ́tò, àwọn tí kò sì ní ń dá owó mọ́tò.

Mẹkáníìkì tí a lọ bá, ohun tó kọ́kọ́ kọ́ wa ni bí wọ́n ṣe ń wọn epo. Kò le rárá, ẹni tó bá lè ṣírò owó ẹrù lè ṣe é. Ẹ lọ sí iléepo, ẹ ní kí wọ́n rọ epo kún táńkì títí ẹnu páìpù yóò fi dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lójú aago tó ń ka kìlómítà. Ẹ rin ìrìn yín. Bí ẹ bá dé, ẹ padà sí iléepo kan náà, ẹ tún rọ ọ́ kún bẹ́ẹ̀, ẹ kọ iye lítà tó wọlé, ẹ tún kọ nọ́ńbà aago. Kìlómítà tí ẹ rìn, ẹ fi iye lítà pín in. Bí mọ́tò bá rin 280 kìlómítà, tó sì gba lítà 40, kìlómítà 7 ló ń fi lítà kan rìn. Ẹ ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mẹta, torí ẹ̀ẹ̀kan lè tan èèyàn. Bí aago mọ́tò yín bá ti kú, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹ máa wọ̀n ọ́n lójú ọ̀nà kan náà, pẹ̀lú ẹrù tí kò jìnnà síra wọn. Láìsí ìwé yìí, ẹ ò lè mọ̀ bóyá epo ń jò ni, bóyá wọ́n ń jí i ni, àbí mọ́tò ló ń jẹ ẹ́. Ariwo lásán lẹ ó máa pa, bí àwa náà ti pa á.

Táyà la kọ́kọ́ bá. Fọ́kanáísà ẹ̀gbẹ́ gáréèjì gbé géèjì sí i, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti rọ̀. Ṣé ẹ ti rí ọmọlanke tí táyà rẹ̀ rọ̀ rí? Ṣé alábàárù tó ń tì í kì í làágùn? Bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe ń làágùn nìyẹn, epo sì ni òógùn tirẹ̀. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn dẹ́rẹ́bà. Ẹ má lo nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀ o, ìyẹn ni ibi tí agbára táyà náà pin sí, kì í ṣe iye tí mọ́tò yín ń fẹ́. Àárọ̀ kùtù kí mọ́tò tó rìn ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, torí bí táyà bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ti wú, á sì máa purọ́ fún géèjì. Táyà tó rọ̀, tí ẹrù tún wà lórí rẹ̀, máa ń gbóná, ó sì lè bẹ́ lójú eré. Ìyẹn ti kúrò lọ́rọ̀ epo.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn, dẹ́rẹ́bà sún ọwọ́ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lápá òsì láì fi kàn án, ó ní ooru rẹ̀ ju ti ìyókù lọ. Búréèkì ibẹ̀ ló ń fà, kì í jọ̀wọ́ rẹ̀ tán. Ẹ́ńjìnnì ń tì í lọ, búréèkì ń dì í mú, àwa sì ń sanwó fún àwọn méjèèjì.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù rèé. Ní bíi ọdún kan sẹ́yìn, mọ́tò náà gbóná lójú ọ̀nà, mẹkáníìkì kan sì yọ ohun tí wọ́n ń pè ní thermostat, ó jù ú nù. Ó ní ìlú tiwa gbóná, pé ìlú òtútù ni wọ́n ṣe é fún. A gbà á gbọ́, a tún dúpẹ́. Ilẹ̀kùn kékeré kan ni, ó wà lójú ọ̀nà tí omi ń gbà láti ẹ́ńjìnnì lọ sí rédíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á tì, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná dé ìwọ̀n. Bó bá ti gbóná tó, á ṣí, kí omi lè lọ tutù. Bí wọ́n bá yọ ọ́, omi á kàn máa yí lọ yí bọ̀, ẹ́ńjìnnì ò ní gbóná dé ibi tó yẹ. Mọ́tò tó ń lo injẹ́kítọ̀ sì ní ọpọlọ kékeré tó ń bu epo fún un. Bí ọpọlọ yìí bá rí i pé ẹ́ńjìnnì tutù, á rò pé àárọ̀ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta á ni, á máa bu epo lé epo. Bí ẹni ń se ẹ̀wà láì dé ìkòkò ni. A ra thermostat míì, wọ́n fi í sí i. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: rédíétọ̀ tó dí ló mú mọ́tò náà gbóná níjọ́sí, a ní láti fọ ìyẹn pẹ̀lú. Ẹni tó bá dá thermostat padà láì tún ohun tó ń mú mọ́tò gbóná ṣe, àárín igbó ni yóò sùn.

Fílítà afẹ́fẹ́ ńkọ́? Mọ́tò àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀ máa ń jẹ epo bó bá dọ̀tí. Ti injẹ́kítọ̀, agbára rẹ̀ ló máa ń dín kù ju epo lọ. Síbẹ̀ eruku ọ̀nà oko kì í ṣe eré, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì tó ti jẹ náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Iná tó máa ń tàn níwájú dẹ́rẹ́bà tí wọ́n ya ẹ́ńjìnnì sí, ẹ má ṣe fi tépù lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ó lè jẹ́ pé ohun kékeré tó ń yẹ èéfín wò nínú sàlẹ́ńsà ló ti kú, epo tí ìyẹn sì ń fi ṣòfò kì í ṣe kékeré.

Nígbà tí a tún gbogbo èyí ṣe, epo wálẹ̀ dé 55. Inú wa dùn. Dẹ́rẹ́bà ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú o, èyí tó kù, ọwọ́ yín ló wà. Ta ló máa ń pariwo pé kí n sáré, ọjà ti ń tú?” A dákẹ́.

Òótọ́ ló sọ. Ìjọba Amẹ́ríkà ti ṣírò rẹ̀ pé ẹni tó ń tẹ tọ́tù lójijì, tó tún ń gbá búréèkì lójijì, lè fi epo bíi ₦15 sí ₦30 ṣòfò nínú ₦100 lójú ọ̀nà márosẹ̀. Láàárín ìlú tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà, ó lè dé ₦40. Ìdí rẹ̀ ni pé epo la fi ra eré tí mọ́tò ń sá, gbogbo ìgbà tí a bá sì gbá búréèkì, a da eré náà nù, a óò tún fi epo ra òmíràn. Dẹ́rẹ́bà tó mọṣẹ́ máa ń wo iwájú. Bó bá rí i lókèèrè pé ọkọ̀ ti dúró, tàbí pé kòtò wà, á ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, mọ́tò á máa rọra yí lọ. Á tètè gbé e sí jíà ńlá, kò ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ké. Bí eré bá sì ti ju 80 kìlómítà ní wákàtí kan lọ, atẹ́gùn ni mọ́tò ń bá jà, epo sì ni ohun ìjà rẹ̀.

Atẹ́gùn yìí kan náà ló ń bá apẹ̀rẹ̀ ata tí a ń tò sórí mọ́tò jà. A ti ń kó ẹrù sí inú àti ẹ̀yìn báyìí, a sì ń fa tàpólì le bí ti orí bá di dandan. Káríà tó ṣófo pàápàá ń jẹ epo, tú u kalẹ̀ bí o kò bá lò ó. Àwa náà la máa ń ná ọjà fún wákàtí kan tí ẹ́ńjìnnì á máa ṣiṣẹ́, torí bátìrì ò dáa, ẹ̀rù ń bà wá pé kò ní ta mọ́. Nǹkan bíi lítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ló ń jó níbẹ̀, mọ́tò kò sì rin ìṣísẹ̀ kan. A ra bátìrì.

Àwọn dẹ́rẹ́bà kan máa ń gbé jíà sí fírì bí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, àwọn míì tiẹ̀ ń pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ̀ ọ́ fún wọn. Mọ́tò injẹ́kítọ̀ tó wà nínú jíà, bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á dá epo dúró fúnra rẹ̀. Nínú fírì, epo ṣì ń jó. Bí wọ́n bá wá pa ẹ́ńjìnnì, búréèkì á le, ìdarí á le, pẹ̀lú àwọn èèyàn àti ẹrù nínú rẹ̀.

Ẹ má sì dá àwọn tó ń kiri oògùn epo lóhùn, àti àwọn tó ní kí ẹ ju kánfò sínú táńkì. Àjọ EPA ti Amẹ́ríkà ti yẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wò, ó lé ní 100, wọn ò rí èyí tó dín epo kù tó ohun tí èèyàn lè fọwọ́ sọ̀yà.

Lítà 51 ni bọ́ọ̀sì ń jẹ báyìí. Lítà 11 ló padà sọ́wọ́ wa ní ìrìn kan, 22 lọ́sẹ̀. Bí a bá fi ₦1,000 ṣírò lítà kan, ₦22,000 ni, ẹ̀ẹ̀kan náà la sì ti dín owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń dá. A bẹ dẹ́rẹ́bà níwájú gbogbo ilé. Ó ní kò sí wàhálà, pé kí á ṣáà ra géèjì fún mọ́tò.

A ti rà á. Òun àti ìwé epo wà ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ lè wá wo ìwé lọ́jọ́ Ẹtì lẹ́yìn ìpàdé, ẹ sì lè yá géèjì. Ẹ dá a padà o, èyí ni ìkejì tí a rà.