Bí Owó Òfò Ilé Ti Ń Pẹ́ Tó Kí Ó Tó Dé ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Púpọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò tí ó ti ra ilé sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń san owó fún ẹgbẹ́ adójútòfò, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní ínṣọ́ránsì, kí ẹgbẹ́ náà lè bá wọn tún ilé ṣe bí iná, ìjì tàbí omi bá bà á jẹ́. Nígbà tí òfò bá dé, wọ́n a máa kọ̀wé sí ilé pé oṣù mẹ́ta ti kọjá, owó kò sì tíì dé. Ó ha yẹ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ bí?

Ìdáhùn kan ṣoṣo kò sí, nítorí òfò kò dọ́gba. Bí ìjì bá ṣí díẹ̀ nínú òrùlé, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lè tó. Bí ọ̀pá omi bá bẹ́ nínú ògiri, ọ̀ràn lè di ti oṣù, nítorí pé ògiri tí ó rin kò ṣe é kùn. A ó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin wọ inú ilé, a ó sì máa yẹ ògiri náà wò títí yóò fi gbẹ. Ẹni tí ó bá kánjú kùn ún yóò tún un kùn lẹ́ẹ̀kejì.

Èyí tí ó máa ń pẹ́ jù ni ti ilé tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ń rì. Apá púpọ̀ nínú Lọ́ńdọ̀nù ni ó dúró lórí amọ̀. Ní ìgbà ooru tí òjò bá dá, amọ̀ yìí a gbẹ, a sì súnkì. Bí òtútù àti òjò bá dé, a tún wú. Igi ńlá tí ó wà lẹ́bàá ilé a máa mu omi inú rẹ̀, a sì mú kí ó burú sí i. Ní ọdún 1976, nígbà tí ọ̀dá ńlá dá ní ilẹ̀ náà, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ni ògiri wọn là. Nínú irú ọ̀ràn báyìí, olùyẹ̀wò òfò a fi àmì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ibi tí ó là, a sì máa padà wá wọ̀n ọ́n nígbàkúùgbà, kí ó lè mọ̀ bóyá ilẹ̀ ṣì ń lọ. Ó ní láti rí ìgbà ooru, kí ó sì rí ìgbà òtútù. Nítorí náà ọdún kan lè kọjá kí ẹnikẹ́ni tó po sìmẹ́ńtì. Bí igi náà bá sì jẹ́ ti aládùúgbò, tàbí tí ìjọba ìbílẹ̀ ti fi òfin dáàbò bò ó, àṣẹ ni a ó tún máa dúró dè. Ó nira fún onílé láti jókòó máa wo ògiri tí ó là fún ọdún kan gbáko, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dí i nígbà tí ilẹ̀ ṣì ń rìn, iṣẹ́ asán ni ó ṣe.

Síbẹ̀ ìdádúró mìíràn wà tí kò ní ìdí rere. Ní ọdún 1986, àwọn jàǹdùkú fọ́ ilé iṣẹ́ ọkùnrin kan ní ilẹ̀ náà, wọ́n sì ba ẹ̀rọ rẹ̀ jẹ́. Ẹgbẹ́ adójútòfò rẹ̀ kọ̀ láti sanwó. Kò ní owó tí yóò fi tún ẹ̀rọ náà ṣe, iṣẹ́ rẹ̀ sì dẹnu kọlẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, ilé ẹjọ́ dá a láre pé owó òfò náà tọ́ sí i pẹ̀lú èlé. Ṣùgbọ́n ní 1996, àwọn adájọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé òfin kò gbà kí wọ́n dá a padà fún iṣẹ́ tí ìdádúró pa run, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkàn wọn kò fẹ́ ìdájọ́ náà. Ó ju ogún ọdún lọ kí òfin tó yí padà. Fún àdéhùn tí a ṣe láti ọjọ́ 4 oṣù May, 2017, ó di dandan kí ẹgbẹ́ adójútòfò sanwó láàárín àkókò tí ó tọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, a lè gba owó ìbàjẹ́ tí ìdádúró náà fà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ ṣàkíyèsí pé òfin náà kò dá iye ọjọ́. Ó fún ẹgbẹ́ náà ní àyè láti wádìí, ó sì ní kí a wo bí òfò náà ti tóbi tó àti bí ó ti lọ́jú pọ̀ tó. Bí ẹgbẹ́ náà bá ní ìdí gidi láti jiyàn, a kò ní kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ pé kò sanwó nígbà tí iyàn ń lọ lọ́wọ́.

Nítorí náà, kí onílé ya àwòrán ohun gbogbo ní ọjọ́ tí òfò ṣẹlẹ̀, kí ó má sì kó ohun tí ó bàjẹ́ dànù kí olùyẹ̀wò tó rí i. Kí ó rántí pé ẹgbẹ́ adójútòfò ni ó ń sanwó fún olùyẹ̀wò náà. Bí iṣẹ́ bá pẹ́, ó lè béèrè pé kí wọ́n san díẹ̀ sílẹ̀ ná. Bí ìdádúró bá sì pọ̀ jù, kí ó kọ ẹ̀sùn sí ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n ní láti fi dá a lóhùn. Bí wọn kò bá dáhùn, tàbí tí ìdáhùn kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lè gbé ọ̀ràn náà lọ sí ọ̀dọ̀ Financial Ombudsman Service láìsan kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ kí oṣù mẹ́fà kọjá lẹ́yìn ìwé ìdáhùn wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gba ilé ẹjọ́ lọ nítorí ìdádúró, ọdún kan péré ni ó ní, a sì ń ka ọdún náà láti ọjọ́ tí wọ́n san owó òfò náà tán.