Oko Ìjọn àti Ohun Tí Ó Kù Nínú Rẹ̀

Ẹ̀yin ará wa, láti Ṣágámù títí dé Ìkẹ́nnẹ́, kò sí ẹni tí igi kòkó ṣe àjèjì sí. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba díẹ̀ nínú wa ni ó ti bèèrè ọ̀nà tí ó gbà dé ilẹ̀ Yorùbá. Ìbéèrè náà mú wa lọ sí Ìjọn, lẹ́bàá Àgége.

James Pinson Labulo Davies ni ó dá oko náà. Ọmọ Yorùbá ni, tí a bí ní Sàró ní 1828. Ó di atukọ̀, lẹ́yìn náà ó di oníṣòwò ńlá ní Èkó. Òun ni ó fi £50 ra ìwé àti ohun èlò fún Ilé Ẹ̀kọ́ Gírámà C.M.S. ní 1859. Nígbà tí òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, ó yíjú sí oko. Ní nǹkan bí 1880 ó gbin kòkó tí ó mú wá láti erékùṣù Fernando Po. Ní ọdún yẹn kan náà ni aya rẹ̀, Sarah Forbes Bonetta, kú ní Madeira, ọkọ rẹ̀ sì gbé ọwọ̀n òkúta kan ró sí Ìjọn ní ìrántí rẹ̀.

Davies kò fi ìmọ̀ rẹ̀ pamọ́. Jacob Kehinde Coker, ọ̀kan nínú àwọn olórí Ìjọ African Church tí ó dá dúró ní 1901, gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dá oko ńlá ní Àgége. Àwọn alágbàṣe láti òkè wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà sílé, wọ́n mú kòkó lọ́wọ́. Irúgbìn kòkó a máa tètè kú bí ó bá gbẹ, nítorí náà odindi èso ni ó dára kí a gbé, kí a sì gbìn ín kíákíá. Obì gbàǹja pẹ̀lú kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní agbègbè Àgége, kí ó tó di ohun tí àwọn Hausa ń wá rà ní Ṣágámù.

Ní Kansas, ní Amẹ́ríkà, Stephen F. Jones kọ́ ilé òkúta àti àká alájà mẹ́ta sí oko ẹran rẹ̀ ní 1881. Ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún òkúta tó bẹ́ẹ̀ tí ohun ìtúlẹ̀ kò fi lè pa koríko rẹ̀ run, gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ní ibi púpọ̀. Ní 1996 ìjọba sọ ọ́ di ibi ìpamọ́: ilé, àká, àti pápá tí ó ju 10,000 éékà lọ. Oko Jones àti oko Davies fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n ìlú Èkó ti bo àwọn oko Àgége mọ́lẹ̀. Lójú tiwa, àdánù ni. Ọwọ̀n òkúta kan kò lè fi han ọmọdé bí a ti ń to kòkó sábẹ́ ibòji.

Èkó sì ń fẹ̀ bọ̀ wá sí Rẹ́mọ, a sì ti ń gé ilẹ̀ oko obì àtijọ́ tà fún àwọn tí ń kọ́lé. Bí ìdílé kan bá lè ya éékà kan sọ́tọ̀, pẹ̀lú ahéré rẹ̀ àti ibi tí a ti ń bó obì, kí ó ṣe é kí ó tó ta ìyókù.