Áyọ́ọ̀nù Eléèédú Wọ Kíláàsì Kejì

Rímù ọkọ̀ àlòkù kan ni wọ́n so rọ̀ sára igi máńgòrò, òun ni wọ́n ń lù bí agogo. Ó ń dún lọ́wọ́ nígbà tí mo wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí Bẹẹrẹ, ní Ìbàdàn, ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá díẹ̀. Páànù orí ilé ti ń gbóná, òórùn àkàrà tí wọ́n ń dín lójú títì ń gba ojú fèrèsé wọlé, ariwo àwọn ọlọ́kadà sì ń tẹ̀ lé e bí ẹni pé ibì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Mo ka àwọn ọmọ kíláàsì kejì. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n. Mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì.

“Ẹ káàárọ̀, sà!” Gbogbo wọn dìde, ilẹ̀ mì.

Ànti wọn ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gígùn kan sílẹ̀, láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí pátákó ìkọ̀wé. Ó kọ “Láyé Àtijọ́” sí ìpẹ̀kun kan, ó kọ “Lóde Òní” sí èkejì. Àpò ìrẹsì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó wú gbungbun. Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò ju kí àwọn ọmọ gbé ohun tó bá ti inú àpò jáde sí ibi tó yẹ ẹ́ lórí ìlà.

Fìtílà agolo ló kọ́kọ́ jáde. Ọmọkùnrin kan gbé e sí imú, ó yọ ṣùtì. “Ó ń rùn bí kẹrosíìnì!” Wọ́n gbé e sí ìdí Àtijọ́, lántà tẹ̀ lé e, gílóòbù tẹ̀ lé lántà. Tẹlifóònù oníwáyà dé, èyí tí wọ́n máa ń fi ìka yí. Ọmọ kan ń tẹ ojú ihò rẹ̀ bí ẹni ń tẹ fóònù ìyá rẹ̀. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká GSM bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà. Kò sí ìkankan nínú wọn tí wọ́n tíì bí nígbà náà.

Ọ̀nínì ló dá ìjà sílẹ̀. Owó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oníhò láàárín ni. Bó ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn ni wọ́n ń jiyàn pé kì í ṣe owó, wọ́n ní wáṣà ni. Ọmọbìnrin kan tilẹ̀ ti fa òwú yọ létí aṣọ rẹ̀, ó ti kì í bọ ihò náà. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí wọ́n fi ihò náà ṣe láyé ọjọ́un gan-an nìyẹn: okùn ni wọ́n ń fi sín in. Ànti kọ ìṣirò rẹ̀ sójú pátákó: ọ̀nínì 10 = kọ́bọ̀ 1; kọ́bọ̀ 12 = ṣílè 1; ṣílè 20 = pọ́n-ùn 1. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973, náírà gbapò, náírà méjì sí pọ́n-ùn kan.

“Ànti, kí ni ọ̀nínì kan lè rà?”

Ànti wò mí. Èmi náà wo pátákó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú wọlé láti ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà ní òdìkejì títì. Irin dúdú, ọwọ́ onígi, àkùkọ kékeré kan lórí ìkọ́ tí wọ́n fi ń ti ìdérí rẹ̀. Ẹyín iná ń pọ́n yòò nínú ihò ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ànti fa ìlà yí i ká, ó ní ẹni tó bá kọjá ìlà yóò jáde síta. Ó wọ́n omi sí kọ́là yúnífọ́ọ̀mù kan tó ti rún, ó gbé irin lé e. Ṣíì! Ooru gbéra, òórùn aṣọ tútù àti èéfín bo àkàrà mọ́lẹ̀. Nígbà tó gbé irin kúrò, kọ́là náà le gan-an bí páálí. Àtẹ́wọ́ sọ.

Ó wá mú áyọ́ọ̀nù oníná jáde, ó pe ọmọbìnrin kan níwájú pé kó fi ọwọ́ tọ́ka sí ipò méjèèjì. Ọmọ náà kò ronú rárá. Ó tọ́ka oníná sí Àtijọ́, ó tọ́ka eléèédú sí Òní.

“Kí ló dé?”

“Ti iná ti wà nílé wa tipẹ́, kì í ṣiṣẹ́ torí kò síná. Eléèédú ni mọ́mì mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rà.”

“Òótọ́ ni!” Ohùn mẹ́wàá sọ ọ́ pọ̀.

Ànti dákẹ́. Ọdún 1882 ni Henry Seely gba ẹ̀tọ́ áyọ́ọ̀nù oníná ní Amẹ́ríkà, eléèédú sì ti wà ṣáájú ìyẹn, mo sì mọ̀ pé Ànti lè sọ fún ọmọ náà pé ó ṣì í. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ìlà kejì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́: ó ní ọ̀kan wà fún ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe nǹkan, èkejì fún ìgbà tí a ṣì ń lò ó. Eruku ṣọ́ọ̀kì kún orúnkún rẹ̀. Ní tèmi o, ìlà kejì yẹn ló dára jù nínú gbogbo ohun tí mo rí níbẹ̀. Fìtílà agolo kúrò ní ìdí Àtijọ́ lójú ẹsẹ̀, ọmọ alákàrà ló gbé e. Ọ̀nínì nìkan ló dúró síbi tó wà.

Aago méjìlá kù díẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan yọ orí lẹ́nu ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ànti. Ọ̀gá ní kí n wá gba áyọ́ọ̀nù. Wọ́n ti mú iná lọ.”

Ó gbé e, ó ń fì í síwá sẹ́yìn kí ẹyín iná má baà kú, ó sì sọdá títì.