Ṣé Ó Yẹ Kí Ẹ Yọ Kàbúrétọ̀ Báṣé Àtijọ́ Yín?

Ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ àgbẹ̀, ẹ mọ Peugeot 404 báṣé dáadáa. Ọdún 1960 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe 404. Báṣé ti gbé àgbàdo, gaàrí àti tòmátì wa lọ sí ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ṣùgbọ́n ó ń mu ẹsáǹsì púpọ̀. Ní 2023, ìjọba Nàìjíríà dá owó ìrànwọ́ orí ẹsáǹsì dúró, owó kpáyò sì lọ sókè lọ́dọ̀ wa.

Bí mẹkáníìkì bá wá sọ fún yín pé: «Ẹ jẹ́ kí n yọ kàbúrétọ̀, kí n fi injection oníkọ̀ǹpútà sí i», kí lẹ máa dá a lóhùn? Owó ẹgbẹ́ ni. Ẹ jẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

KÍ NI KÀBÚRÉTỌ̀ Ń ṢE?

Ẹsáǹsì gbọ́dọ̀ dàpọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó lè jó dáadáa. Kìlò ẹsáǹsì 1 ń fẹ́ afẹ́fẹ́ bíi kìlò 15. Kàbúrétọ̀ ló ń pò wọ́n pọ̀. Bí afẹ́fẹ́ ti ń kọjá nínú rẹ̀, ó ń fa ẹsáǹsì jáde láti inú ihò tóóró. Bí asẹ́ afẹ́fẹ́ bá dí, ẹsáǹsì á pọ̀ jù, èéfín dúdú á sì máa jáde.

BÁWO NI INJECTION ṢE Ń ṢIṢẸ́?

Ẹ rántí ẹ̀rọ tí a ń gbé kọ́ ẹ̀yìn láti fín oògùn sí òwú. Oògùn ń gba ẹnu tóóró jáde bí ìrì. Bẹ́ẹ̀ ni injection rí. Pọ́ǹpù oníná ń ti ẹsáǹsì, ẹnu tóóró ń fín in. Àwọn ẹ̀rọ kéékèèké ń ṣọ́ afẹ́fẹ́, ooru àti èéfín, wọ́n sì ń ròyìn fún kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ló ń sọ iye ẹsáǹsì tó máa jáde. Kì í ṣe ohun tuntun: ní 1967, iléeṣẹ́ Bosch ti Jámánì ti ṣe irú rẹ̀ fún ọkọ̀ Volkswagen.

Bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, ẹsáǹsì kì í ṣòfò, èéfín á dínkù, ọkọ̀ á sì tètè ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọyẹ́.

IṢẸ́ TÍ MẸKÁNÍÌKÌ MÁA ṢE

1. Á da ẹsáǹsì jáde, á sì fọ ìpẹtà inú táǹkì.
2. Á yọ kàbúrétọ̀, á fi ẹnu tí ń fín ẹsáǹsì sí ipò rẹ̀.
3. Á fi pọ́ǹpù oníná àti asẹ́ tuntun sí i.
4. Á pààrọ̀ gbogbo rọ́bà ẹsáǹsì.
5. Á fi ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ èéfín sára ọ̀pá èéfín.
6. Á so wáyà mọ́ kọ̀ǹpútà àti bátìrì, á sì dán an wò.

OHUN MẸ́TA TÓ LÈ BÀ Á JẸ́

Ìdọ̀tí. Omi àti iyanrìn máa ń wà nínú ẹsáǹsì ìgò. Ẹ lè tú kàbúrétọ̀ lábẹ́ igi, kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹnu injection tó dí ṣòro láti fọ̀ ní abúlé.

Bátìrì. Bí bátìrì bá kú, pọ́ǹpù àti kọ̀ǹpútà á dákẹ́. Ẹ lè ti ọkọ̀ náà títí, kó má gbọ́.

Rọ́bà. Agbára tí ń ti ẹsáǹsì lọ sínú kàbúrétọ̀ kò tó bárì 1. Ti injection sábà máa ń tó bárì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Rọ́bà àtijọ́ lè bẹ́, kí ẹsáǹsì tú sórí ẹ̀rọ gbígbóná. Iná nìyẹn.

Ẹ ṢỌ́RA YÍN

Ẹ má ṣe fi ẹnu fa ẹsáǹsì láti inú táǹkì. Ó lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, kó sì pa ènìyàn. Bí ẹnì kan bá gbé e mì, ẹ má ṣe mú un bì, ẹ má sì fún un ní epo pupa mu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ẹ yọ wáyà bátìrì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Kí sìgá àti fìtílà jìnnà síbẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, iná jó ibi ìpamọ́ ẹsáǹsì kan ní Sèmè-Kraké. Ó lé ní ènìyàn 30 tó kú.

Ẹ ṢÍRÒ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Ẹ jẹ́ ká sọ pé iṣẹ́ náà máa gba 280 000 F. Ká sọ pé á dín lítà 1 kù ní ìrìn àjò ọjà kọ̀ọ̀kan, àti pé lítà 1 jẹ́ 700 F. 280 000 ÷ 700 = 400. Ọkọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ọjà ní ìgbà 400 kí owó yín tó padà. Bí ó bá ń lọ ní ìgbà 100 lọ́dún, ọdún 4 nìyẹn. Ṣé báṣé yín á lo ọdún 4 sí i?

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fọ kàbúrétọ̀, kí ẹ pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́ àti bọ́jì. Ẹ máa kọ iye lítà tí ọkọ̀ ń mu sílẹ̀ fún oṣù kan. Lẹ́yìn náà, ẹ tún jókòó sọ ọ́.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló fà á tí ẹsáǹsì onídọ̀tí fi burú fún injection?
2. Kí lẹ máa ṣe fún ẹni tó gbé ẹsáǹsì mì?
3. Lítà mélòó ni ọkọ̀ yín ń mu láti abúlé dé ọjà? Ẹ ṣírò tiyín.