Lẹ́yìn Ìfẹ̀yìntì: Iṣẹ́ Kéékèèké Tí Í Dá Àgbà Lágara

Nígbà tí a bá lọ yẹ ìwé owó àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wò ní Òṣòdì, Máfòlúkù, Ìlasàmàjà àti Ìsọlọ̀, àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì a máa fa àga súnmọ́ wa láti béèrè ọ̀rọ̀. Kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ owó ńlá. Omi ni, gáàsì ni, àtẹ̀gùn ni, ìlà báńkì ni. Nítorí náà ni a ṣe kọ ìwé yìí, kí ẹni tó ti fẹ̀yìn tì àti ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lè jọ mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe.

Omi àti gáàsì

Lítà omi kan wọn kìlógíráàmù kan. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí a ń rà lọ́wọ́ àwọn mẹ́rúwà wúwo tó ìdajì àpò sìmẹ́ńtì. Ẹni ọdún 65 tí ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, irú àwọn ilé tí ìjọba Alhaji Lateef Jakande kọ́ sí Ìsọlọ̀ láàrin 1979 sí 1983, kò gbọdọ̀ máa gbé e gun àtẹ̀gùn. Ẹ ra kẹ́ẹ̀gì lítà 10 méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ máa gbé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ìrìn á pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kò ní kán.

Bákan náà ni gáàsì ìdáná. Sìlíńdà 12.5, gáàsì inú rẹ̀ nìkan ló wọn kìlógíráàmù 12 àti ààbọ̀. Irin rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ní ìwọ̀n kìlógíráàmù ni wọ́n ń ta gáàsì, nítorí náà sìlíńdà kékeré kìlógíráàmù 5 tàbí 6 kò ní kó àgbà sí gbèsè. Agbára àtigbé e ni kí ẹ rò.

Ìrìn àjò sí Erékùṣù

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wa ṣiṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún ní Erékùṣù Èkó. Ẹ̀ka báńkì tó wà nítòsí ọ́fíìsì wọn ni wọ́n ti ń gba owó oṣù, ibẹ̀ náà ni owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé sí títí di òní. Lóṣooṣù, wọn á gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ ní Òṣòdì, wọn á wọ ọkọ̀, wọn á gba orí afárá Third Mainland tí a parí ní 1990 kọjá omi, kí wọ́n tó lọ tò sórí ìlà. Ìyà ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀ka báńkì yẹn kan náà tó wà ní Ìsọlọ̀ tàbí Òkòtà lè san owó yín. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání, kí ẹ béèrè.

Ẹ̀rí pé a wà láàyè

Àwọn tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ ètò àtijọ́, àjọ PTAD tí a dá sílẹ̀ ní 2013 ló ń bójú tó wọn. Àwọn tó wà lábẹ́ òfin 2004, tí a tún ṣe ní 2014, ni wọ́n ní àpò owó tiwọn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ mọ èyí tí ẹ wà, kí ẹ má baà lọ tò sórí ìlà ẹlòmíràn. Láti 2023 ni PTAD ti bẹ̀rẹ̀ ètò tí àgbà fi lè fi fóònù tó ní kámẹ́rà jẹ́rìí pé òun wà láàyè, láìkúrò nílé. Ọmọ tàbí ọmọ ọmọ lè bá yín tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àṣírí káàdì báńkì yín, ẹ má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ẹni tó ní òun ti ọ́fíìsì wá.

Ohun tó wà nínú ìwé ẹgbẹ́ tiwa

Èyí ló ká wa lára jù. Baba kan wà nínú ẹgbẹ́ kan tí a bẹ̀ wò, tó fẹ́ fi owó ìfowópamọ́ rẹ̀ kan òrùlé. Ìgbà tí akọ̀wé ṣí ìwé, a rí i pé baba dúró fún ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó yá owó, ọ̀kan sì ti fi àdúgbò sílẹ̀ láìsan gbèsè. Owó onídùúró kò ṣeé gbà tán títí gbèsè yóò fi parí. Òjò méjì rọ̀ sórí ilé náà kí ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ẹni tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù ọdún méjì, kó dẹ́kun dídúró fún ẹni, kó sì béèrè àwọn tó ti dúró fún.

Ẹ tún wo orúkọ ẹni tí ẹ yàn láti gba owó yín bí ọlọ́jọ́ bá dé. A ti rí ìwé tí orúkọ ìyá olóògbé ṣì wà nínú rẹ̀, nígbà tí ìyá náà ti kú tipẹ́. Ìyàwó àti àwọn ọmọ ń lọ, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ lọ yí i padà níwájú ẹlẹ́rìí, kí ẹ sì fi ìwé ìfowópamọ́ yín han ẹnìkan nílé.

Ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe

Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yan ọ̀dọ́ méjì lóṣù, tí yóò máa bá àwọn àgbà gbé gáàsì, pààrọ̀ gílóòbù, tí yóò sì bá wọn ra nǹkan ní ọjà Aswani lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kí ìpàdé máa wáyé nísàlẹ̀ ilé, kì í ṣe lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn àgbà yìí ni owó wọn kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ dúró. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Nígbà tí a bá tún dé láti yẹ ìwé wò, orúkọ àwọn ọ̀dọ́ méjì náà ni a ó kọ́kọ́ béèrè.