Ẹ fẹ́ gbin aáyù sẹ́yìnkùlé? Ẹ kọ́kọ́ mọ èyí tẹ́ ẹ máa rà

Àtẹni tó ń se ọbẹ̀ àtẹni tó ń ṣe àgbo ló ń wá aáyù lọ́jà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń béèrè pé ṣé àwọn kò lè gbìn ín sẹ́yìnkùlé, káwọn sì rówó nídìí rẹ̀. Ó ṣeé gbìn o, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́ kẹ́ ẹ tó náwó.

Òkè Ọya, níbi bíi Sókótó, Kánò àti Kébbì, ni wọ́n ti ń gbin aáyù jù nílẹ̀ wa. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń gbìn ín, wọ́n á sì máa bomi rin ín. Ọyẹ́ ló ń gbè wọ́n, torí òtútù ló ń mú kí aáyù pín sí awẹ́. Ilẹ̀ Yorùbá kò tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn á gbìn ín, ewé á yọ dáadáa, ṣùgbọ́n tó bá hú u tán, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa bá nísàlẹ̀, kò ní pín rárá.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí aáyù ńlá funfun tó ń ti ilẹ̀ Ṣáínà wá tàn yín. Òmíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ti fi nǹkan tọ́jú kó má baà hù. Èyí tó ti òkè Ọya wá ni kẹ́ ẹ béèrè, bó tiẹ̀ kéré. Kó le, kó má fúyẹ́, kó má sì bu.

Níbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá, ẹ fi bébà wé e sínú fíríìjì fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8, ṣùgbọ́n kó má di yìnyín. Nígbà tó bá di ìparí oṣù kọkànlá, ẹ ya awẹ́ rẹ̀, ẹ má bó èèpo rẹ̀. Ẹ gbin àwọn tó tóbi, kẹ́ ẹ fi kékeré sebẹ̀. Ẹnu ṣóńṣó ni kó kọjú sókè, kó wọlẹ̀ tó ínǹṣì 2, kí àárín wọn tó ínǹṣì 4 sí 6. Ilẹ̀ tí omi kì í dúró sí, tẹ́ ẹ ti po ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà mọ́, ló dára. Ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó.

Tí ewé ìsàlẹ̀ bá ti ń pọ́n, ẹ má bomi rin ín mọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ 2, kẹ́ ẹ wá hú u, kẹ́ ẹ sì sá a síbòòji.

Awẹ́ kan kì í mú ju odidi kan lọ, nítorí náà, ẹ má tíì háyà ilẹ̀ rẹpẹtẹ. Ẹ kọ́kọ́ fi ebè kan dán an wò. Bó bá pín sí awẹ́, ẹ fi kún un lọ́dún tó ń bọ̀. Bí kò bá sì pín, ewé rẹ̀ dùn lọ́bẹ̀, owó yín kò sì wọgbó.